Bàbá Baogen, Ọkọ̀ Sìmẹ́ǹtì àti Akèrègbè

Wọ́n ní Bàbá Qiu Baogen so akèrègbè mọ́ ọ̀gá ìjọba lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí Suying, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìdajì ló gbà gbọ́. Nígbà tó tún rántí irú bàbá tó bí i, ó fi ìdajì tó kù kún un.

Níbi ìlẹ̀kùn omi tí wọ́n fi ń sé odò ni, lápá Huai'an nílẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ọkọ̀ ti ń tò bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Ọ̀gá náà wá wọn bí èédú ṣe tẹ ọkọ̀ Bàbá wọnú odò tó. Bàtà dídán ló wọ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" Bàbá bi í.

"Ogójì ọdún, bàbá."

"Lórí ilẹ̀ nìyẹn. Lórí omi, àná la bí ọ."

Kí ó tó ṣẹ́jú, Bàbá ti so okùn mọ́ ọn níbàdí, ó ti gbé akèrègbè kọ́ ọ lẹ́yìn, bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń ṣe fún ọmọ wọn kí wọ́n lè léfòó bí wọ́n bá já somi.

"Ẹ tú mi sílẹ̀! Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Èmi mọ̀ ọ́. Omi ni kò mọ̀ ọ́."

Bí ọ̀gá ṣe yíjú láti bínú báyìí, gbàwàà, ó ti já somi! Akèrègbè gbé e léfòó bí ewé. Àwọn ìyàwó ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi jóná. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí wọ́n ti ń ta akèrègbè.

Ó lé lógún ọdún tí Bàbá fi kó èédú láti Xuzhou lọ sí Suzhou nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe. Bí ará ilẹ̀ bá bi í pé báwo ni sìmẹ́ǹtì ṣe ń léfòó, á ní, "Ó ń bẹ̀rù mi ni."

Weiming, tíṣà tó wá tọrọ Suying, kò mọ èèwọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀. Ó jẹ ẹja tán lápá kan, ó fi igi ìjẹun yí i pa dà.

"Tíṣà, kí lo dojú ẹ̀ dé yẹn?"

"Ẹja ni, Bàbá."

"Ọkọ̀ mi ni! Tèmi tìyàwó mi, pẹ̀lú ọgọ́ta tọ́ọ̀nù èédú!"

Ó ní kí ó lọ bẹ ọkọ̀ náà. Tíṣà dúró níwájú ọkọ̀, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú gbogbo aládùúgbò. Ọkọ̀ kò fọhùn. Bàbá ní ọkọ̀ ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé.

Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn kò fẹ́ rí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì lórí odò mọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni wọ́n dá láti wá fọ́ ti Bàbá. Orúnkún rẹ̀ náà sì ti ń yẹ̀. Ó ti ṣubú lórí pákó tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àdúrà kan ṣoṣo ni Suying ń gbà: kí omi má gbé bàbá òun lọ. Ó mú Bàbá wá sílé ara rẹ̀, ní àjà kẹrin.

Ọlọ́run gbọ́ àdúrà náà lọ́nà tirẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó ku ọ̀la kí wọ́n fọ́ ọkọ̀, wọ́n bá Bàbá níbi tó jókòó sí nínú rẹ̀, ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti sùn lọ pátápátá. Ẹ̀kán omi kan kò kàn án.

Suying sunkún o. Ṣùgbọ́n bó bá rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn nílé rẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa á.

"Bàbá, ẹ jókòó. Bẹ́ẹ̀dì yín rèé, fèrèsé yín rèé."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń wo fèrèsé yìí. Igi kan náà ni. Nígbà wo ni ilé yìí máa gbéra?"

"Ilé kì í gbéra, Bàbá!"

"Kí la wá ń ṣe nínú ẹ̀?"

"Kí ẹ má baà já somi ni! Ṣé kí n wá máa fi àwọ̀n wá bàbá mi kiri ni?"

Bàbá fọwọ́ pa á lórí bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Lẹ́yìn náà ló dé fìlà, ó ṣílẹ̀kùn.

"Bàbá, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi." Ó ti dórí àtẹ̀gùn. "Máa sọ ọ́ lọ, mò ń gbọ́."