Orúkọ Àbúrò Mi Lẹ́yìn Jẹ́sì

Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín pápá, etí ló fi ń ríran. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìdajì àwọn tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ máa ń gbà yọ, nítorí náà, orúkọ rẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá pariwo ló máa sọ fún un pé ewu ń bọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó oṣù, wọ́n ń pariwo orúkọ, mi ò sì wẹ̀yìn. Ọkùnrin kan fi bùútù gé mi lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kóòṣì wa dúró lé mi lórí, ó ní, "Ṣé adití ni ẹ́ ni? Gbogbo wa là ń pè ẹ́!" Mi ò dití. Orúkọ àbúrò mi ni wọ́n ń pè, àbúrò mi sì ti kú láti ọmọ ọdún mẹ́fà.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Kóòṣì yìí ti ń wò mí fún ọdún méjì lórí pápá eléruku kan nítòsí ojú irin l'Ágége. Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ fà mí lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó bi mí léèrè ọjọ́ orí mi. Mo ní ogún ọdún. Ó pòṣé. "Ogún ọdún kẹ̀? O ti darúgbó nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún làwọn òyìnbó ń rà. Lọ wá ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ẹ wá."

Gbogbo wa la mọ ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan wà nínú wa tó ti níyàwó, tó ti bímọ, síbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún lórí ìwé. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó rọra kó má bàa kéré ju ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù a máa gé ọdún tiwọn kù, ṣùgbọ́n èmi gbọ́n jù wọ́n lọ, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ìwé ìbí àbúrò mi wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá mi, ìwé tòótọ́, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ. Ìyá mi, tí í ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Dópẹ̀mú, ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo mú ìwé náà.

Ará Èkìtì ni ìyá mi. Nígbà tí ibà pa àbúrò mi, àwọn aládùúgbò wá kí i pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n omi mìíràn kò tún wọ inú agbè náà mọ́. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ọdún Kérésì nìkan la máa ń rí i, nítorí náà èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé nínú yàrá méjì. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ àbúrò mi nínú ilé wa mọ́.

Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ orúkọ náà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń gbá a bọ̀. Bọ́ọ̀lù mi sì dùn ún wò nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan láti kékeré pe orúkọ tèmi gan-an lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìkòríta Dópẹ̀mú, mo kàn ń rìn lọ. Ìgbà tó fọwọ́ kàn mí léjìká ni mo tó mọ̀ pé èmi ló ń pè. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ mo lọ sí pápá lọ́jọ́ kejì.

Láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n yí àkókò ìdánrawò padà, fóònù mi sì ti kú. Gólì wa, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n, wá pè mí nílé. Inú yàrá ni mo wà tí mo ń wá ìbọ̀sẹ̀, ìyá mi ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì," ni ó wí. Ó dárúkọ àbúrò mi. "Ṣé ó wà nílé, mà?"

Mo gbọ́ tí omi dákẹ́ nínú bàsíà.

"Ó ti jáde," ìyá mi dáhùn.

"Ìgbà wo ló máa dé, mà?"

"Kò sọ fún wa."

Ó wọlé bá mi pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ì bá dára ká ní ó pariwo. "Ọ̀rẹ́ àbúrò ẹ ló wá yẹn," ni ó wí. "Ó ní wọ́n ń dúró dè é ní pápá." Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Orúkọ a máa roni," ni ó wí. "Dá a padà fún un." Mo ṣèlérí pé tí sáà bá ti parí, màá dá a padà, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Kí sáà náà tó parí, ẹgbẹ́ kan lókè òkun ní kí n wá, àwọn fẹ́ wò mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ kan tí a ti nà kọ̀wé sí àjọ bọ́ọ̀lù pé ẹ̀gbọ́n la fi ń gbá bọ́ọ̀lù, pé kì í ṣe àbúrò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ nítòsí òpópónà Allen. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ kékeré ni," ni ó wí. "Kí ìyá ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹ̀gbọ́n ti kú. Ìwé kan péré." Ó yẹ kí n dìde níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, inú ló ń bí mi: sí àwọn tó kọ̀wé, sí ìyá mi tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ò tán, àní sí òkú ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Màmi, ìwé lásán ni." Ó ní, "Ìwé lásán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, a sì jọ lọ sí kóòtù n'Íkẹjà.

Akọ̀wé kóòtù gbé Bíbélì fún un. Ìyá mi fọwọ́ lé e. Ó pe orúkọ mi, ó pe oríkì mi, ó pe orúkọ bàbá mi mọ́ ọn, ó ní ọmọ náà ti kú. Bí mo bá na ọwọ́, màá kàn án. Ojú àánú ni akọ̀wé kóòtù fi wò ó. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ́mì. Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí fún yín."

"Àmín," ìyá mi wí.

Láràárọ̀ ló máa ń fi oríkì mi jí mi tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó pe oríkì mi lẹ́ẹ̀kan péré. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti búra pé ó kú," ni ó wí. "Tí mo bá pè é, tí ìwọ sì dáhùn, ta ló dáhùn yẹn?"

Ọdún kejì rèé tí mo ti wà níbí. Mo ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń sanwó fún mi, orúkọ àbúrò mi ló wà lẹ́yìn jẹ́sì mi. Èmi àti ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ó máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun, ó máa ń bi mí bóyá òtútù ń mú mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún mi pé òun ti ní kí wọ́n ṣe ìsìn ìrántí fún ọmọ òun tó kú. Kò ṣe irú rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún yìí. Mi ò bi í pé èwo nínú wa.