Páànù Orí Sàréè Ìyá Mi

Ní Afo, òórùn kòkó tútù tí wọ́n ń sá ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn, òórùn kíkan bí ẹmu àná. Ibẹ̀ ni mo gbé ọmọ mi àkọ́bí lọ láti Ọ̀wọ̀, kí àbúrò ìyá mi lè rí i, nítorí ìyá mi fúnra rẹ̀ kò dúró dè é. À ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò tó bo gbogbo òrùlé mọ́lẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì méjì yọ láti ọ̀nà oko, fóònù lọ́wọ́. Oògùn àjẹsára ni wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé.

Èyí àgbà nínú wọn ní, "Ẹ kú ilé o, Mama. Máàpù orí fóònù wa ò fi ilé kankan hàn níbí, ẹkún ọmọ la gbọ́ tá a fi yà. Ta ló ni ilé kékeré tó fi hàn lẹ́yìn oko kòkó yẹn? A dúró lójú ọ̀nà, a kí wọn títí, wọn ò dáhùn."

Àbúrò ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi lẹ lọ kí yẹn! Bó bá dá yín lóhùn, ṣé ẹ ò ní í sá fi bàtà sílẹ̀?" Ká tó mọ̀, ẹ̀rín náà ti di ẹkún.

Sàréè ìyá mi ni. A fi páànù bò ó kí òjò má baà jẹ sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Mo sì mọ̀ nípa máàpù yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ Poly kan tá a jọ ń gbé ilé ló kọ́ mi bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ọ̀nà àti ilé kún un. Mo ṣí i. Ẹnìkan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ Afo rí ti wo àwòrán tí wọ́n yà láti òkè, ó rí páànù tó ń dán, ó sì yà á bí ilé. Ilé tí ọmọ mi wà, máńgòrò ti gbé e mì.

Mo fi ilé tiwa sí i. Nígbà tí mo fẹ́ pa tọ̀hún rẹ́, àbúrò ìyá mi di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀ fún un. Ilé onílé ló kú sí."

Òótọ́ ni. Yàrá kan ni ìyá mi háyà títí ọlọ́jọ́ fi dé, tó ń sọ bí òun yóò ṣe fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun fèrèsé ilé tòun. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì mìíràn á tún wá, wọn á dúró síbẹ̀ máa kí òkú, ọmọ á sì wà níbòmíràn láìgba oògùn. Mo pa á rẹ́, mo fi sàréè rọ́pò. Fóònù ní kí n sọ ìdí rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "Ìyá mi ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀."

N ò bínú sí ẹni tó ya páànù náà bí ilé o. Ibi tójú rẹ̀ tó ló yà. Àmọ́ mo sunkún ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọkùnrin ìdílé ló da yẹ̀pẹ̀ bò ó, èmi kàn ń wò ni. Èyí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ìgbà náà ló tó yé mi pé ìyá mi ò ní kọ́lé mọ́.