Abọ́ Tí Kò Rì

Òórùn ewé míǹtì tí mo já sínú tíì láàárọ̀ yìí ló mú mi padà sẹ́yìn ilé Bàbá aládùúgbò wa ní Tyrrelstown, nílùú òyìnbó, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun yí wa ká.

Létí odò kan nínú aginjù ni Bàbá ti ṣàgbẹ̀ kí wọ́n tó wá. Àwọn àti màmá mi jọ ń dáko lábẹ́ àgọ́ ọ̀rá, àlùbọ́sà àti míǹtì tiwọn, ata tiwa. Agbá omi òjò kan là ń pín, torí Bàbá ò fẹ́ omi ẹ̀rọ. Láti díwọ̀n àsìkò ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé abọ́ tí wọ́n lu ihò sí nídìí lé omi inú garawa. Bó bá ti rì, a ó dí poro ẹnì kan, a ó ṣí ti ẹnì kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ní kí n máa ṣọ́ abọ́, àwọn fẹ́ lọ kírun. Ìgbà tiwa ni, ewé ata wa sì ti rọ. Mo fi ṣingọ́ọ̀mù dí ihò abọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n dé, agbá ti gbẹ. Abọ́ ṣì léfòó.

Wọ́n ní, "Kò tíì rì ni?"

"It's grand," ni mo fèsì, pé kò séwu.

Wọ́n yí abọ́ náà padà, wọ́n rí ṣingọ́ọ̀mù. "Ó dáa. Òùngbẹ ló ń gbẹ ata yín."

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé irú omi jíjí bẹ́ẹ̀ ló pa oko wọn nílé, tí wọ́n fi dèrò ibí.

Màmá mi ṣì máa ń sọ pé ata ọdún yẹn ò láfiwé. Wọn ò mọ̀ nípa ṣingọ́ọ̀mù náà.