Ọ̀nì Tó Ń Jẹ́ Ìpè Garawa

Ojo ni mí. Mo máa ń tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Láti kékeré ni ẹ̀rù ọ̀nì ti ń bà mí, síbẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nì ni mo fi jẹun láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ìgbògbò ni mo ń gbé nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó wọkọ̀ gba Agbówà kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n bí mi sí, tí ìyá mi ṣì ń gbé.

Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ kí ọ̀nì padà sínú ọ̀sà, nítorí àwọn ọdẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán. Méjì ni wọ́n kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Inú ọgbà ni wọ́n ti sin ọ̀kan láti kékeré. Inú àbàtà ni wọ́n ti mú èkejì. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ìrù àwọn méjèèjì, èmi á sì gbé rédíò tó ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà, a ó máa fi ọkọ̀ ojú omi wá wọn kiri. Bí a bá ti ń sún mọ́ wọn ni rédíò á máa ké sí i. Àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ orin nínú rédíò. Tèmi, ikú ni mò ń gbọ́.

Ti àbàtà kò yọ wá lẹ́nu. Bí wọ́n ti tú u sílẹ̀ báyìí, inú eèsún tó jìnnà ló wọ̀ lọ, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ti ọgbà ni oníwàhálà. Òní níhìn-ín, ọ̀la lọ́hùn-ún, kò ní ibi kan tó ń pè ní ilé, ibi tí ohùn ènìyàn bá sì ti ń dún ló máa ń forí lé. Ọwọ́ ènìyàn ló kúkú ti ń jẹun láti ìgbà tó ti dáyé. Ẹni tó ń bọ́ ọ á lu garawa ẹja lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́, á tún lù ú lẹ́ẹ̀mejì, òun náà á sáré wá. Mo ti fojú mi rí i, ara mi sì bù máṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíkankíkan bí a ti ń sún mọ́ èbúté àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá mi. Omi mù ún dé ìbàdí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgèrè tó fi ń mú ẹja.

Kí n tó lanu, obìnrin kan ní èbúté ti rí orí ọ̀nì lójú omi, ló bá figbe ta. Ní etí omi tiwa, bí a bá rí ọ̀nì, a kì í sá. Garawa la máa ń lù. Bí àwọn ìyá ìyá wa ṣe ń lé e nìyẹn, á sì lọ, nítorí ọ̀nì inú omi kórìíra ariwo. Gbogbo àwọn ẹlẹ́ja bá gbé garawa, ó di gbàn-ìn, gbàn-ìn. Ìyá mi kò tilẹ̀ yára jáde nínú omi. Ṣùgbọ́n ti ọgbà nìyí, oúnjẹ ni garawa ń pè é sí. Ó kọjú sí èbúté, ó ń bọ̀ tààrà, ìyá mi ló sì wà láàárín.

“Ẹ má lù ú mọ́! Ẹ dákẹ́!”

Ariwo gbé ohùn mi mì. Wọ́n rí i tí mò ń ju ọwọ́, wọ́n rò pé mo ní kí wọ́n túbọ̀ lù ú ni, wọ́n sì túbọ̀ lù ú. Ẹ má jẹ́ n parọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

Garawa tí a fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. N kò mọ ìgbà tí mo gbé e. Mo fi ẹ̀yìn àdá tí a fi ń la eèsún lù ú lẹ́ẹ̀mejì, mo dákẹ́, mo tún lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nì dúró. Àwa la sún mọ́ ọn jù, ó sì mọ ìlù náà. Ó yíjú sí wa.

Ẹni tó ń tukọ̀ fún mi ké pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo níyàwó nílé o!”

Mò ń lu garawa, mò ń sunkún. Ọ̀nì dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó gbórí sókè, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí ẹja. Búrẹ́dì tí mo fẹ́ fi jẹun àárọ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo sọ ọ́ sí i lẹ́nu, ẹnu náà sì pa dé gbà! Ó rì wọ inú omi lọ.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo rò pé ìyá mi á dì mọ́ mi. Ìgbátí ló fún mi.

“Ìwọ lo pè é wá sọ́dọ̀ ara ẹ?”

“Màámi, ẹ̀yin ló ń bọ̀ wá bá.”

“Kó wá bá mi! Èmi ti lo ayé, mo sì ti bí ẹni tó máa sin mí. Ṣó o fẹ́ kí n dúró níbí kí n máa wò ó bó ṣe ń jẹ ọ́ ni?”

Àwọn obìnrin ló wá sọ fún mi pé ìgbà tí ọ̀nì yíjú sí ọkọ̀ wa ni ẹsẹ̀ ìyá mi kò gbé e mọ́. Àwọn ni wọ́n gbé e jáde nínú omi. Mo bojú wò ó, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí láyé mi. Ó gbá ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi délé.