Ọjọ́ Tí Àsíá Ráfáẹ́lì Yà Kúrò Nínú Ìlà

Bí ènìyàn bá dé ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wọn ní Yábà lówùúrọ̀ Sọ́ńdè, tó béèrè Gertrude, wọ́n á bi í pé, "Gertrude wo?" Ṣùgbọ́n bó bá ní Màmá Ráfáẹ́lì lòun ń wá, ọmọdé á fà á lọ́wọ́ dé ìdí ère áńgẹ́lì tó gbé ẹja dání. Ibẹ̀ ni obìnrin náà máa ń kúnlẹ̀ sí.

Ẹja ló kọ́kọ́ fà á síbẹ̀. Ẹja ni òun náà ń yan ní Makoko, tó ń gbé lọ sí Ọ̀yìngbò, èéfín sì ti wọ aṣọ rẹ̀ débi pé ọṣẹ kò rí i ṣe mọ́. Nígbà tí kátíkíìsì sọ fún un pé Ráfáẹ́lì olú-áńgẹ́lì ló bá Tóbíásì rin ìrìn-àjò tó jìn, tó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe fi òróòro ẹja la ojú bàbá rẹ̀ tó fọ́, Gertrude mi orí jẹ́ẹ́.

"Áńgẹ́lì tó ń bá ènìyàn rìn," ló wí. "Tèmi nìyẹn."

Bó ṣe di olórí Ẹgbẹ́ Ráfáẹ́lì nìyẹn. Ẹgbẹ́ náà kò pọ̀, òfin wọn kò sì ju ẹyọ kan lọ: aláìsàn kì í dá lọ sí ọsibítù. Ẹni tó bá ké pè wọ́n, ìbáà jẹ́ Kátólíìkì, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á bá a lọ, wọ́n á jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á sì bá a fèsì bí nọ́ọ̀sì bá ń jágbe mọ́ ọn.

Tẹ́lẹ̀, Míkáẹ́lì, Gébúrẹ́lì àti Ráfáẹ́lì ní ọjọ́ ọdún tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Róòmù wá pa wọ́n pọ̀ sí ọjọ́ kan, ìparí oṣù kẹsàn-án. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ambrose, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì rélùwéè tó jẹ́ olórí Ẹgbẹ́ Míkáẹ́lì, ní bí ọdún bá ti di ọ̀kan, kí àsíá ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà di ọ̀kan. Míkáẹ́lì ló ṣẹ́gun Sàtánì. Àsíá tirẹ̀ ni kó wà.

"Ẹgbẹ́ Gébúrẹ́lì ń kọrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọrin," ló wí nípàdé. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an? Ìjókòó ọsibítù!"

"A ń jókòó ni, Bàbá," ni Gertrude fèsì. "Lọ́jọ́ tí ibà gbé yín ṣánlẹ̀, ṣé idà Míkáẹ́lì lẹ fara tì dé ọ̀dọ̀ dókítà ni, àbí èjìká mi?"

Ẹ̀rín sọ. Fáda wá pinnu pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé àsíá rẹ̀ tò yí àdúgbò ká lọ́jọ́ ọdún. Ẹgbẹ́ tó bá rìn dópin láìtú ká ni àsíá rẹ̀ yóò máa wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà ni oorun Gertrude ti dín kù.

Ọdún yẹn ni ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kò sì tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí ọjọ́ ọdún pé, Bàbá Ambrose dúró níwájú ìlà, ó ń pariwo: "Ọwọ́ ọ̀tún o! Ẹni tí kò bá mọ̀nà, kó máa wo àsíá. Ibi tí àsíá bá gbà ni kí ẹ gbà!"

Wọ́n ti rìn jìnnà nígbà tí ohùn kan ké láti ẹnu ilẹ̀kùn: "Màmá Ráfáẹ́lì, ẹ gbà mí o!"

Rónkẹ́ ni, ìyàwó Síkírù káfíńtà. Ọkọ rẹ̀ wà n'Íjẹ̀bú, omi ìrọbí sì ti dà sí i lẹ́sẹ̀.

Gertrude dúró. Ó wo àsíá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ohun tó fẹ́ pàdánù. Lẹ́yìn náà ló yà. Ó yẹ kó gbé àsíá náà fún ẹlòmíràn, kò tiẹ̀ rántí. Ó fi ọwọ́ kan gbá Rónkẹ́ mọ́ra, àsíá wà lókè lọ́wọ́ kejì, wọ́n kọrí sí ilé ìgbẹ̀bí.

Ẹgbẹ́ Ráfáẹ́lì rí àsíá tó yà, àwọn náà yà. Ẹgbẹ́ Gébúrẹ́lì tó wà lẹ́yìn wọn, tí ojú wọn wà nínú ìwé orin, bá wọn yà. Nígbà tí Bàbá Ambrose bojú wẹ̀yìn, ẹgbẹ́ tirẹ̀ nìkan ló kù lójú títì.

Nọ́ọ̀sì jáde sí èrò aláṣọ funfun tó ń kọrin lẹ́nu géètì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá aláboyún wọlé!"

"Èmi ni," ni Gertrude wí, ó ń wá ẹni tí yóò gba àsíá.

Bàbá Ambrose ti lé wọn bá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá jàre. Àbí ẹ fẹ́ fi gbẹ̀bí ni?"

Òun ló di àsíá Ráfáẹ́lì mú nínú oòrùn títí wọ́n fi gbọ́ igbe ọmọ.

Nígbà tí ìpàdé tún pé, Gertrude ti ká àsíá náà, ó gbé e síwájú Fáda. Fáda kọjú sí Bàbá Ambrose. "Ṣé wọ́n tú ká?"

Ọkùnrin náà dáhùn: "Wọ́n ba ìlà mi jẹ́, Fáda. Ṣùgbọ́n wọn ò tú ká. Ibi tí àsíá wọn lọ ni gbogbo wọn lọ."

Ọmọ náà kò jẹ́ Ráfáẹ́lì o. Ọmọ Mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Síkírù dé, ó fi igi ìrókò kan ẹsẹ̀ ìdúró fún àsíá náà, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Ambrose sì bá a gbé e wọlé. Ẹ̀gbẹ́ áńgẹ́lì ẹlẹ́ja ló gbé e kalẹ̀ sí, níbi tí òórùn èéfín Makoko ti máa ń wà lówùúrọ̀ Sọ́ńdè.