Aago Ìkàrẹ́ ní Lómè

Búrẹ́dì náà kàn mí lórúnkún lábẹ́ tábìlì. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ọwọ́ Màmá Ọ̀kà, ọwọ́ gígùn tí iṣan yọ lára rẹ̀, tó ń ti ìdajì búrẹ́dì sí mi. Bọ́tà ti yọ́ sí i lára. Lókè tábìlì, ẹnu wọn ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń jẹun, wọ́n sì ń sọ fún bàbá mi pé búrẹ́dì àwọn ará Tógò le díẹ̀, àmọ́ ó dùn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ojú wọn wà lọ́dọ̀ òkun. Mo gba búrẹ́dì náà, mo sì tì í bọ àpò.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Màmá Ọ̀kà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ọ̀kà ni wọ́n ti wá la fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú. Bàbá mi ń kọ́ni ní yunifásítì Àkùngbá, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèlérí pé àwọn máa gbé wa jáde kúrò ní Nàìjíríà lọ ṣe fàájì. Ọdún yẹn ni ìlérí náà ṣẹ. Òkè òkun ni mo pè é fún àwọn ọ̀rẹ́ mi níléèwé. N kò sọ fún wọn pé mọ́tò bàbá mi la fi lọ. A lo ọjọ́ méjì ní Kútọnu. Akra ló kàn. Bàbá mi ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, ká fi ọjọ́ kan sinmi ní Lómè láàárín méjèèjì. Ọjọ́ ìsinmi yẹn ni mo ń sọ yìí. Gbogbo ilé ló sinmi, àfi èmi.

Iṣẹ́ ti wà lọ́rùn mi kí a tó kúrò nílé. Ìyá mi ti pè mí sí yàrá, wọ́n fún mi ní agolo kékeré kan tí kóró ṣúgà wà nínú rẹ̀. Màmá Ọ̀kà ní ìtọ̀ ṣúgà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fojú kan ṣúgà rárá, àmọ́ ìyá mi ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n bá lo oògùn tí wọn kò sì jẹun, ṣúgà ara wọn lè lọ sílẹ̀ jù, wọ́n sì lè dákú kí wọ́n má jí mọ́.

"Ìwọ àti wọn lẹ ó jọ máa sùn," ìyá mi ní. "Tó o bá rí i tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò wọ́n, fi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, kó o sáré pè wá."

Láti ọjọ́ náà ni agolo yẹn ti wà lápò mi. Bí mo bá ń rìn, ó máa ń dún ṣaka-ṣaka, inú mi sì máa ń dùn sí i, àfi bí ẹni pé wọ́n fi mí jẹ nọ́ọ̀sì. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí búrẹ́dì kàn mí lórúnkún, inú mi kò dùn sí i mọ́.

Mo bá Màmá Ọ̀kà lẹ́yìnkùlé ilé àlejò náà, níbi tí wọ́n ti ń kó aṣọ wa tó dọ̀tí sínú bàsíà. Wọ́n ti gbé ọṣẹ dúdú wọn jáde, èyí tí wọ́n wé sínú ọ̀rá láti Ìkàrẹ́ bí ẹni pé kò sí ọṣẹ ní gbogbo ayé mọ́. Òórùn rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti káfúrà tó máa ń wà lára ìró wọn, atẹ́gùn òkun oníyọ̀ sì ń gbé méjèèjì kiri. Lẹ́yìn ògiri, ọ̀kadà àwọn ará Lómè ń kọjá, wọ́n ń fun fèrè.

"Màmá, ẹ kò jẹun."

"Mo gbààwẹ̀," wọ́n ní, bí ẹni tó ní òun fẹ́ lọ wẹ̀.

Wọ́n fi mí jókòó sórí bíríkì kan, wọ́n sì rò fún mi. Nínú Ràmàdáánì tó kọjá, wọ́n dùbúlẹ̀ sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́fà. Dókítà ní kí wọ́n má gbààwẹ̀ mọ́ láéláé. Àáfà ní kí wọ́n bọ́ tálákà dípò rẹ̀, bàbá mi sì bọ́ tálákà. Màmá Ọ̀kà jẹ́ kí bàbá mi bọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ wọn san lábẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ tí bàbá mi kò bá sí nílé.

"Ẹnu mi ló jẹ ẹ́," wọ́n ní. "Báwo ni ẹnu ẹlòmíì ṣe fẹ́ bá mi san án?"

Ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Ràmàdáánì tuntun sì máa wọlé lọ́jọ́ márùn-ún sí i.

"Ṣùgbọ́n Màmá, ìrìn-àjò la wà. Wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pé arìnrìn-àjò lè jẹun."

"Lọ́la a ó máa rìn. Lánàá a rìn. Lónìí, ta ló ń rìn? Ṣé o rí mọ́tò bàbá rẹ tó ń lọ? A jókòó ni. Ẹni tó bá ti jókòó, ulé ló wà." Ulé ni wọ́n máa ń pe ilé, bíi ti gbogbo àgbà Àkókó, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń kọ́ wa níléèwé kò ní òrùlé. "Má sọ fún bàbá rẹ. Á pariwo, n kò sì ní agbára ariwo lónìí."

Mo gbà. Ta ni mí tí n kò fi ní gbà? Wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn kí omi má bàa kàn án, wọ́n ní kí n bá wọn dì í mú. Aago yẹn ti dá ìjà kékeré kan sílẹ̀ lálẹ́ àná. Nígbà tí a wọ Lómè, bàbá mi ní kí kálukú fa aago rẹ̀ sẹ́yìn ní wákàtí kan, torí aago Tógò kò bá tiwa mu. Màmá Ọ̀kà kọ̀. Wọ́n ní aago Ìkàrẹ́ ni tàwọn, kò gbọ́ èdè Tógò.

Wọ́n fọ aṣọ gbogbo wa lọ́jọ́ náà, èyí tó dọ̀tí àti èyí tí kò dọ̀tí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀: kò sí ẹni tí í pe ẹni tó ń fọṣọ wá jẹun. Bàbá mi sùn, wọ́n ń han oorun. Ìyá mi nà sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù wọn. Nígbà tí wọ́n bi mí bóyá Màmá ti jẹun ọ̀sán, mo ní, "Wọ́n ń fọṣọ." Irọ́ kọ́ nìyẹn, àmọ́ ẹ̀rù bà mí bí ó ṣe rọrùn tó.

Obìnrin tó ń dáná nílé àlejò náà gbé àwo kan wá. Kò gbọ́ èdè wa, a kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí àwo náà tó ní "àkàsà", ìyẹn ẹ̀kọ, Màmá Ọ̀kà bú sẹ́rìn-ín. "Àkàsà! Wọ́n mọ àkàsà níbí!" Wọ́n nawọ́ sí ojú ọ̀run, wọ́n fi ọwọ́ júwe pé ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Obìnrin náà mi orí, ó fi àwo mìíràn dé e, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìgun ilé níbi tí òjìji wà.

Èmi ń ṣọ́ òógùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn ló ń làágùn ní Lómè. Èwo ni ti oòrùn nínú rẹ̀, èwo ni ti ìtọ̀ ṣúgà? Mo ń dọ́gbọ́n bá wọn fún aṣọ kí n lè di ọwọ́ wọn mú, kí n mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ò ní já," wọ́n sì na aṣọ àwọ̀lékè bàbá mi sórí okùn, gbà-à, bí ọmọge.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Òjìji ti bo àgbàlá náà nígbà yẹn, atẹ́gùn tútù sì ti ń fẹ́. Mo rí i tí ìka wọn fo kóró kan. Ó tún fo méjì. Òógùn ti tò sí wọn lókè ètè, ní àkókò tí ara èmi ti gbẹ. Wọ́n bojú wò mí, wọ́n sì fi orúkọ bàbá mi pè mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni aago sọ?"

Mo wò ó. "Ó ku díẹ̀ kó lu méje, Màmá."

"Oòrùn ńkọ́? Lọ bá mi wò ó."

Ẹ̀yìn ògiri tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni oòrùn wà. Mo gun àtẹ̀gùn ìgun ilé, mo sì rí i: ó pupa, ó tóbi, ó dúró gangan lókè àwọn igi àgbọn létí òkun. Kò tíì wọ̀. Ní Ìkàrẹ́, ní àkókò tó wà lọ́wọ́ mi yẹn, àwọn ènìyàn á ti máa bu omi sí aláàwẹ̀ lẹ́nu. Mo gbọ́ híhan oorun bàbá mi láti ojú fèrèsé. Bí mo bá pè wọ́n, mo ti dalẹ̀, Màmá Ọ̀kà á sì jà, wọ́n á jà títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí. Bí n kò bá pè wọ́n, tí mo sì dúró de oòrùn yìí, ta ni mo máa jókòó tì? Mo dúró síbẹ̀, agolo ń dún lọ́wọ́ mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Ó ti wọ̀."

"O rí i?"

"Mo rí i, Màmá."

Wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní bísímílà, wọ́n la ẹnu, mo sì fi kóró ṣúgà méjì sí i. Ètè wọn tutù. Mo ṣí àkàsà, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún gba ṣúgà kan, títí ọwọ́ wọn fi rọlẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ mi gan-an pè mí. Mo fẹ́ sunkún, ayọ̀ ni.

Ìgbà náà ni ìpè ìrun Màgàríbì gba òkèèrè wá. Ó ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí kan tí n kò tíì gbọ́ láti àárọ̀, ohùn ládàánì náà tinrín lórí afẹ́fẹ́. Mo sáré síbi ẹ̀rọ omi, mo ṣí i dé ìpẹ̀kun, omi sì ń bọ́ gbàà sínú bàsíà irin. Ariwo yẹn jí bàbá mi. Wọ́n jáde láìwọ bàtà.

"Ta ló ń fomi olómi ṣòfò?" Wọ́n rí ìyá wọn pẹ̀lú àwo. "Màmá, ẹ ti ń jẹun alẹ́?"

"Ebi ń pa mí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní afẹ́fẹ́ òkun ló fà á. Màmá Ọ̀kà kò bá wọn rín. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, mo dá aago wọn padà fún wọn. "Ti omi yẹn," wọ́n ní. "Ó ti tó."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò lọ ju òru kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a wọ mọ́tò láti máa lọ sí Akra, mo wo ọwọ́ Màmá Ọ̀kà, mo sì wo ti bàbá mi. Aago méjèèjì bára mu. Màmá ti fa tiwọn sẹ́yìn ní wákàtí kan. Wọ́n gbé orí mi lé itan wọn, mo sì díbọ́n pé mo sùn títí a fi dé bọ́dà.

Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà kàn mí láéláé. Lẹ́yìn Ràmàdáánì, mo ń retí búrẹ́dì lábẹ́ tábìlì, tàbí iyán, tàbí ohunkóhun. Kò sí èyí tó kàn mí lórúnkún mọ́. Bóyá wọ́n gba ọjọ́ kan náà san níbi tí n kò sí, n kò mọ̀. Wọ́n kúkú mọ̀ ọ́n gbà lábẹ́lẹ̀. Kí Ṣàbáánì mìíràn, oṣù tó ń ṣáájú Ràmàdáánì, tó yọ, wọ́n ti kú sójú oorun, a sì gbé wọn lọ sí Ọ̀kà. Ó dùn mí pé wọ́n kú. Ó sì tún dùn mí lọ́tọ̀ pé wọn kò fi àṣírí kankan lé mi lọ́wọ́ mọ́.

Bàbá mi kò tíì mọ̀ di òní. Mo dàgbà, mo bi àáfà kan léèrè, ó ní ọmọ lè bá òkú rẹ̀ gba ààwẹ̀ tó kù lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sì ti tó. Ọdọọdún ni mo ń gbà á. Kì í ṣe pé mo kábàámọ̀. Bí wọ́n bá tún dá mi padà sórí àtẹ̀gùn yẹn, ohun kan náà ni n ó sọ. Ààwẹ̀ yẹn ni mo fi ń jẹ́wọ́ pé mo sọ ọ́.

Lọ́dún yìí, mo jókòó sí fàráńdà ní Ìkàrẹ́ pẹ̀lú dàbínù tí mo fẹ́ fi ṣínu lórí àwo. Aago fóònù ní àkókò ti tó. Mo ní kí ọmọbìnrin mi lọ bá mi wo oòrùn. Ó dúró pẹ́ ní ìgun ilé, ó ń wo apá òkè, ó wo dàbínù, ó wo ojú mi. Ó mọ̀ pé ebi ń pa mí.

"Mọ́mì," ó ní, "kò tíì wọ̀."

Mo ní ó ṣeun. Mo sún fún un lórí ẹní, a sì jọ jókòó dè é.