Onígbàjámọ̀ Tí Kò Lè Dúró Lójú Kan

Ó yẹ kí gbogbo ayé kọ́kọ́ gbọ́ èyí: ọkùnrin tí à ń wí yìí kì í fọ ẹnu láì kọ́kọ́ wọ bàtà eré-ìje. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti bi í títí pé ibo ni eyín ń sá lọ. Ó ti rẹ ìyàwó.

Onígbàjámọ̀ ni. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni àwọn oníbàárà ń pè é. Lọ́jọ́ tó sá eré máràtọ́ọ̀nù, àwọn tó ń palẹ̀ àga mọ́ ti fẹ́ máa lọ kó tó yọjú, ṣùgbọ́n ó dé. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó ń múra sílẹ̀ fún máràtọ́ọ̀nù, eré yẹn ló ń sọ ìgbà tí yóò sùn àti ohun tí yóò jẹ fún un. Ó wá dà bí ẹrú tí olówó rẹ̀ kú, tí kò rí ẹni rán an níṣẹ́ mọ́. Ó yá kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ gbé e jù sáàárín òdòdó lánlọ́ọ̀dù. Ó lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Olùkọ́ ní kó kọ́kọ́ léfòó láìmira. Láìmira kẹ̀! Ó bọ́ síta, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bó bá ń gẹrun, á máa fò díẹ̀díẹ̀, abẹ náà á máa bá a fò. Orí àwọn èèyàn wá dà bí oko tí ewúrẹ́ jẹ kù.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Tíṣà Àgbà, tó ti ń jókòó sórí àga yẹn láti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ti ṣí. Òun ló kọ́ ìdajì àdúgbò níwèé; ibi tó bá ti gẹrun ni wọ́n ń tẹ̀ lé e lọ.

“Ẹsẹ̀-ò-gbélé, orí kan ṣoṣo ni mo ní. Bí o bá tún jó lé e lórí, mo ti sọdá sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì.”

“Ẹ má bínú, sà. Ara ló ń yún mi.”

“Ara rẹ ló ń yún ọ, orí mi lo wá ń họ?”

Bí Tíṣà bá lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó fẹ́ wọn ṣòkòtò fún onígbàjámọ̀, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí téèpù balẹ̀.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ sáré já ìlú, ẹ ò lè dúró kí n wọ̀n yín?”

“Ta ló ní mi ò lè dúró? Ẹsẹ̀ kan gan-an ni màá fi dúró!”

“Ó yá, ẹ dúró ká rí i.”

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Kí ìyàwó tó na téèpù, ó ti wó lu aṣọ oníbàárà. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọkọ dùn wọra: ó ti rí ohun tí kò lè ṣe!

Láti ìgbà náà, lẹ́sẹ̀ kan bí lékelèéke ló ń dúró fọ abọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń dúró sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Itan gbọ̀n, orúnkún bẹ̀bẹ̀, kò gbà. Nígbà tí Tíṣà tún dé, ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́yìn àga, ó mú abẹ. Ẹni tó dúró lẹ́sẹ̀ kan, ijó wo ni yóò jó? Irun iwájú orí Tíṣà gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà sójú pátákó. Tíṣà wo dígí, ó rẹ́rìn-ín. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bàtà kan ṣoṣo nílẹ̀.

“Ẹsẹ̀ kejì dà?”

“Ó ń sinmi, sà.”

Tíṣà rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Ó ní òun á máa bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn báyìí, ara sì tún ti ń yún un. Àwọn eléré ìdárayá kan ti sọ fún un pé ohun tó kàn ni kí ó di ojú. Ó ní ọwọ́ òun mọ orí èèyàn ju bí ojú òun ti mọ̀ ọ́n lọ. Síbẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, kò ní fi Tíṣà bẹ̀rẹ̀; orí mìíràn ló ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé irun yín ò tíì tó gẹ̀?